Ọkọ Ìyá Mi Tó Ti Òfúrufú Wá

Ohùn Inutiq ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀, èébú ni mo sì fi kí i káàbọ̀.

Mo jókòó nínú ahéré rédíò tó wà lẹ́bàá pápá bàálù ìlú wa, Nuvuarjuk, ní ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, mò ń retí bàálù tó ń kó epo àti ìyẹ̀fun bọ̀ láti gúúsù. Iṣẹ́ mi ni láti máa sọ fún àwọn awakọ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Èdè wọn tí mo kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Yàrá ilé-ẹ̀kọ́ náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń ki gègé bọ abẹ́ apá kí yíǹkì inú rẹ̀ tó lè ṣàn. Mi ò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èdè tiwa ni mo gbọ́ lórí rédíò.

"Nuvuarjuk, ẹ kú ilé o. Afẹ́fẹ́ yín ńkọ́?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fi rédíò ṣeré nílùú wa. Bọ̀dá Kublu ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ní rédíò tí àwọn ọdẹ ń gbé káàkiri. Inú bí mi.

"Bọ̀dá Kublu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹnu yín kúrò níbẹ̀. Bàálù ń bọ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣeré, ó yẹ kó mọ ibi tó ti ń ṣe é."

Ohùn náà dá mi lóhùn. Ó ní, "Èmi ni bàálù tó ń bọ̀ náà."

"Irọ́ ni! Ẹ ò tijú, pẹ̀lú irun funfun lórí."

"Ẹ bọ́ síta, kí ẹ wo òkè."

Mo yọ orí síta. Bàálù pupa kan yọ lẹ́yìn òkè, ó ń da apá kan sílẹ̀, ó ń gbé èkejì sókè, bí ẹyẹ tó ń kíni. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí fún un.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, mo rí i pé ọmọ ilẹ̀ wa ni lóòótọ́. Òtútù ti sun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, eyín iwájú rẹ̀ sì ní àlàfo.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé ẹnu mi kúrò?"

"Ẹ má bínú. Mi ò rí ọmọ ilẹ̀ wa tó ń wa bàálù rí."

"Èmi náà, wọn ò tíì bú mi lókè rí. Ilẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń bú mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwà mi láti máa bá àlejò rẹ́rìn-ín. Ó ní Inutiq ni orúkọ òun. Bàbá mi tí mi ò fojú rí náà ń jẹ́ Inutiq, ṣùgbọ́n orúkọ náà pọ̀ nílẹ̀ wa bí òkúta etí òkun. Mi ò ro nǹkan kan sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń wo òkè.

Ní ìgbà òtútù, bí bàálù bá dúró pẹ́ lórí yìnyín, òróró inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á le bí ọ̀dà. Nítorí náà, bí Inutiq bá ti balẹ̀, á fa òróró náà sínú agolo ńlá kan, á gbé e wá sínú ahéré mi, á gbé e sẹ́bàá sítóòfù. Èmi á jókòó lápá kan, òun lápá kejì, òróró gbígbóná á wà láàárín wa. Ibẹ̀ ni a ti ń mu tíì, ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ wa ti hó.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ atọ́nà, tó máa ń tọ́ka sí àríwá. Lọ́dọ̀ wa níbí, abẹ́rẹ́ náà kàn ń yí ká bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí ni."

"Kí lo wá ń tẹ̀ lé?"

"Oòrùn."

"Bí oòrùn ò bá sí ńkọ́?"

Ó họ àgbọ̀n rẹ̀. "Ohùn rẹ. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ ketekete, mo mọ̀ pé ilé ò jìnnà mọ́."

Mo tẹjú mọ́ sítóòfù. "Ṣé bí o ṣe ń sọ fún gbogbo àwọn tó wà nídìí rédíò nìyẹn?"

"Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni gbogbo àwọn yòókù. Mi ò tíì dán an wò."

Mo tún rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ kọjá orí agolo òróró, ó di ìka mi mú.

"Uviluq, ayọ̀ mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mú mi lọ kí ìyá rẹ."

Ìyá mi, Ulaajuk, jókòó sílẹ̀ lórí páálí, ó ń fi ọ̀bẹ olójú òṣùpá tí àwa obìnrin ń lò gé ẹran tó dì. Bọ̀dá Kublu jókòó tì í, ó ń dúró de ibi tó lọ́ràá.

Ìyá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Inú rédíò ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ. Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Inutiq, Ìyá."

Ọ̀bẹ dúró. "Orúkọ ta ni o ń jẹ́?"

"Bàbá mi ló sọ mí lórúkọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un kí wọ́n tó bí mi, ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní gúúsù. Ọkùnrin ará apá ibí kan ló sùn lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ọkùnrin náà ò padà wálé. Bàbá mi ló gbé orúkọ rẹ̀ padà wá, ó fi sọ mí."

Ìyá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé ó sọ fún ọ pé ọkùnrin náà máa ń kọrin lójú oorun?"

"Ó sọ ọ́. Ó ní kì í jẹ́ kí òun sùn."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Inutiq mú.

"Ọkọ mi," ló wí. "Ẹ ti pẹ́ jù."

Kò sí ẹni tí ó yà lẹ́nu nínú wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gba orúkọ òkú, òkú náà ló padà wá. Bí ará ilé ṣe ń pe olóògbé náà ni wọ́n á máa pe ẹni tó jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ ìyá mi ló wọlé yẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún.

Bọ̀dá Kublu gbá a lẹ́yìn. "Àna mi! Kí lò ń jẹ? Èmi ń hu ewú, ìwọ ń hu irùngbọ̀n!"

Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. 

"Kí ló ń ṣe ọ́, Uviluq?" ìyá mi wí, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọge. "Wá kí bàbá rẹ."

Láti ìgbà náà, bí bàálù pupa bá ti balẹ̀, ìyá mi á ti gbé ìkòkò kaná. Ahọ́n àgbọ̀nrín, ẹ̀dọ̀, ẹja pupa tí wọ́n sá sóòrùn, gbogbo ohun tó dùn, Inutiq ló ni ín. Ó rán bàtà awọ fún un. Á jókòó síwájú rẹ̀, á máa ròyìn gbogbo ọdún tó ti kọjá fún un, ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ajá tó sọnù. Inutiq á máa fetí sílẹ̀, á máa wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó lójú àánú, kò mọ bí wọ́n ṣe ń já obìnrin arúgbó kulẹ̀.

Nígbà tí oòrùn padà wá lẹ́yìn òkùnkùn ìgbà òtútù, mo fi ìgboyà sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Mo fẹ́ fẹ́ Inutiq."

"Bàbá rẹ lo fẹ́ fẹ́?"

"Ìyá, ọmọ Aqiaruq ará Siuraq ni. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Mo sì mọ ẹni tó jẹ́."

"Bọ̀dá Kublu ní àwọn kan ti ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

"Kublu á sọ ohunkóhun bí ẹran bá wà nílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní kó sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún mi. Ó fi ohùn rírẹlẹ̀ dá mi lóhùn.

"Bí ó bá fẹ́ ọ, ó di àna mi. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe. Mi ò ní lè bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú mọ́. Mi ò ní lè wo ojú rẹ̀. Ìwọ ni n ó máa rán sí i nínú yàrá kan náà. Uviluq, oyún rẹ wà nínú mi nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ. Mo dúró létí òkun títí èéfín ọkọ̀ náà fi pòórá. Kò sẹ́ni tó fi sàréè rẹ̀ hàn mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. O ní kí n pa ẹnu mọ́?"

 Ìyá mi bọ̀wọ̀ fún àṣà wa. Ọ̀wọ̀ tí ìyá ìyàwó àti ọkọ ọmọ ní fún ara wọn nìyẹn, a kì í sì í bà á jẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún Inutiq, ó ní, "Jẹ́ ká lọ sí gúúsù. Ìwé lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀."

"Ìgbà òtútù kan wà tí a ò rí ẹran pa," ni mo dá a lóhùn. "Ìyá mi se okùn awọ. Ó fún mi ní okùn náà jẹ, òun mu omi rẹ̀. Mi ò ní gba ẹ̀yìn obìnrin yẹn lọ sílé ọkọ."

Ó tẹrí ba. Kò bá mi ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. "Bí yìnyín bá fọ́, wọ́n á gbé mi lọ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń wá epo rọ̀bì. Mo lè kọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wá síbí wá jẹ́ bàbá rẹ, Uviluq. Ọkàn mi ò lè gbà á."

"Lọ nígbà náà," ni mo wí. Mo wọ inú ahéré, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún sórí ẹ̀rọ rédíò.

Ó ku díẹ̀ kí yìnyín fọ́ nígbà tí ìyá mi àti àwọn obìnrin méjì lọ pẹja létí ibi tí òkun dídì ti sán. Wọ́n ò tíì padà nígbà tí Inutiq wá lọ́jọ́ kejì, ìrìnàjò rẹ̀ tó kẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ wa. A ń já epo sílẹ̀, a ò wo ojú ara wa, nígbà tí Bọ̀dá Kublu sáré dé láti orí òkè, kò lè mí dáadáa.

"Yìnyín ti já! Afẹ́fẹ́ ti ń gbé wọn lọ sójú agbami. Ulaajuk wà lórí rẹ̀!"

Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè gba àárín yìnyín wẹ́wẹ́ yẹn kọjá. Mo wo òkè. Ìkùukùu funfun ti sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ náà funfun, kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ojú ọjọ́ tó ti pa ọ̀pọ̀ awakọ̀ nìyẹn. Awakọ̀ á rò pé òun ṣì wà lókè, ilẹ̀ á kàn gbá a lójú.

"Ìwé òfin ní kí n má gbéra lónìí," Inutiq wí.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ wá ohun dúdú fún mi. Ohun dúdú tó pọ̀, tó wúwo díẹ̀. Bí mo bá rí nǹkan dúdú nílẹ̀, n ó mọ ibi tí ilẹ̀ wà."

Kò sí ohun dúdú lórí ilẹ̀ wa nígbà yẹn àyàfi òkúta tó dì mọ́lẹ̀. Mo sáré lọ sílé. Awọ dúdú ẹran òkun tí ìyá mi ti fi gbogbo ìgbà òtútù họ, tó nà sórí igi, tó fẹ́ tà, wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo já gbogbo wọn sílẹ̀. Èmi àti Bọ̀dá Kublu ká wọn, a dì wọ́n lókùn, a jù wọ́n sínú bàálù, àwa náà wọlé.

Oòrùn dà bí àtùpà tí wọ́n fi aṣọ nípọn bò. Inutiq fi í sí ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì rẹ̀, kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ atọ́nà ń yí, kò wò ó. Ó dà bí ẹni pé a wà nínú ẹyin. Mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí mo ti sọ sí ìyá mi láyé mi.

"Èéfín!" Bọ̀dá Kublu pariwo. "Lọ́wọ́ ọ̀tún!"

Àwọn obìnrin náà ti fi ọ̀rá dáná. Èéfín dúdú tín-ín-rín kan dìde nínú funfun, ṣùgbọ́n a ò lè mọ̀ bóyá a ga jù ú lọ tàbí a fẹ́ gbá a.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá ní 'jù ú', kí ẹ jù ú."

Afẹ́fẹ́ wọlé bí ọ̀bẹ. Bọ̀dá Kublu di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn.

"Jù ú!"

Mo ju awọ. Mo tún jù ú. A kọjá, a yí padà, a tún kọjá. Nígbà tí a tún yí padà, ìlà dúdú kan wà nísàlẹ̀, ó tọ́ bí ojú ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ wà.

Inutiq mí kanlẹ̀. "Mo rí i, ayọ̀ mi. Ẹ di nǹkan mú."

Ó gbé bàálù náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ àkọ́kọ́. A fò, a tún gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ bàálù náà ń ha yìnyín, etí omi dúdú ń bọ̀ wá bá wa. Ó dúró. Ó ṣì ku àyè láti yí padà.

Àwọn obìnrin méjì ti ń sáré bọ̀. Ìyá mi nìkan ló ń lọ sí ọ̀nà ibòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan.

"Ta ló ń da awọ mi nù?" ló ń pariwo. "Gbogbo ìgbà òtútù! Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi họ ọ́!"

"Ulaajuk, wọlé!" Bọ̀dá Kublu ké. "Yìnyín ń fọ́!"

"Ìwọ ló họ ọ́?"

Inutiq ló fò bọ́ sílẹ̀ tó sáré lọ bá a. Ó gbé e tòun ti awọ tó dì mọ́ra. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ. Kò pariwo mọ́. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà mú, ó wò ó, ó pẹ́ tó ń wò ó, bí ẹni pé yìnyín ò fọ́ lábẹ́ wọn.

"Ọkọ mi," ló wí. "Mo ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún yín. Ó tó. Mo dúpẹ́."

A gbéra. Mi ò ní gbàgbé bí omi dúdú náà ṣe sáré wá, bí Inutiq ṣe fa ọwọ́ ìdarí náà sáyà, bí yìnyín ṣe tán lábẹ́ wa tí a ò sì jábọ́. Bọ̀dá Kublu hó yèè. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi jókòó sẹ́yìn ìjókòó Inutiq. Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó fi ìgúnpá gún mi.

"Uviluq."

"Ìyá."

"Sọ fún àna mi pé awọ mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀ yẹn."

Mo yíjú wò ó. Bọ̀dá Kublu la ẹnu sílẹ̀, kò pa á dé. Níwájú, èjìká Inutiq dúró gbagidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

"O ò gbọ́ ni?" ìyá mi wí. "Sọ fún un."

"Inutiq," mo wí, omijé ń ṣàn lójú mi, "ìyá mi ní kí n sọ fún àna wọn pé awọ mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀."

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé n ó pa ẹran òkun mẹ́wàá fún wọn. Sọ fún wọn pé... sọ fún wọn pé wọ́n ṣeun."

"Mo gb—" ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí a fi rí òkè Nuvuarjuk.

Inutiq ò lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí ilẹ̀ tún dì dáadáa, bàbá rẹ̀, Aqiaruq, wá láti Siuraq, a sì ṣe ìgbéyàwó wa nínú gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ẹran tútù àti ẹja dídì kún orí rẹ̀, ìlú jẹ, ìlú yó. Ìyá mi ló rán ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀, ó kẹ́yìn sí ọkọ mi ní gbogbo ìgbà tó ń wọ̀ ọ́ fún mi.

Aqiaruq sọ fún un bí bàbá mi ṣe kú, ní òwúrọ̀, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ó dìde láàárín èrò. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, "ó lọ" ni ó máa ń wí nípa bàbá mi. Kò wí ọ̀rọ̀ kejì rí.

"Ọkọ mi kú," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò mì. "Ó kú, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àna mi wà láàyè. Ẹ jẹun."

Ìlú hó. Bọ̀dá Kublu ló kọ́kọ́ jó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, oòrùn wà lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ sì rọ̀. Inutiq gbé mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú bàálù pupa. A gbéra, a yí ìlú po, ó da apá kan sílẹ̀, ó gbé èkejì sókè lórí òrùlé wa. Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo èèyàn ti ń padà sídìí ẹran, ìyá mi nìkan ló dúró lórí yìnyín, ó gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ síjú, ó ń wò wá, ó ń wò wá. Òfin wa ní kó má wo ojú àna rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kó má wo bàálù rẹ̀.